Sẹ́ńsọ̀ Nọ́ọ̀kì àti Wíwá Ìdí Ìró Nọ́ọ̀kì Nínú Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì ni ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń dè mọ́ ara búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo bẹntiróòlù. Nọ́ọ̀kì máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí epo tí iná plọ́ọ̀gì kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú sílíńdà bá gbiná fúnra rẹ̀. Kírísítà inú sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń sọ ìgbọ̀nrìrì tí nọ́ọ̀kì ń fà di iná mànàmáná díẹ̀, tí bíréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, yóò sì mú kí iná plọ́ọ̀gì pẹ́ dé díẹ̀ títí ìró náà yóò fi lọ.

Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì Nàìjíríà, bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti bàjẹ́ pátápátá, bóyá nítorí pé ọ́ìlì kò dé béárìn kọ̀ńrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so pístìnnì mọ́ kíráńkì. Ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ sì ni nọ́ọ̀kì ti epo. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lè tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan palẹ̀. Ti epo máa ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ìṣó tí a ń mì nínú agolo, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tàbí tó ru ẹrù. Ti béárìn máa ń dún gbì, gbì, gbì, kódà lórí ìdúró, ó sì máa ń le sí i bí ọ́ìlì bá ti gbóná; bí a bá yọ wáyà plọ́ọ̀gì sílíńdà tó ní àrùn náà, ìró ọ̀hún yóò rọlẹ̀.

Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, bíi ti Toyota Camry 2.4, ara búlọ́ọ̀kù lábẹ́ ìntéèkì, ìyẹn páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ni sẹ́ńsọ̀ náà wà. Ti ẹ́ńjìnnì V6 1MZ-FE, onísílíńdà mẹ́fà tó wà nínú Toyota Sienna ọdún 1998 sí 2003, ló nira jù. Méjì ni wọ́n, inú kòtò tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ni wọ́n sì wà, lábẹ́ ìntéèkì tí a gbọ́dọ̀ tú kúrò pátápátá. Ooru ibẹ̀ máa ń mú kí wáyà gan kó sì máa ṣẹ́, eku náà sì máa ń jẹ ẹ́. Nítorí wàhálà títú yìí, ó dára kí a pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ méjèèjì àti wáyà wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì lo gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Nínú àwọn kóòdù àléébù tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń kà láti inú bíréènì-bọ́ọ̀sì, P0325 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ kìíní, P0330 sì ń tọ́ka sí èkejì. Kóòdù nìkan kò tó láti dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi, nítorí wáyà tó já tàbí ojú ìdè tó dípẹtà lè gbé e wá. Sẹ́ńsọ̀ pẹlẹbẹ ti Camry 2.4 yẹ kó fi 120 sí 280 kílóòmù (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná mànàmáná) hàn lórí mítà, bóòtù tó sì dè é mọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí yóò ṣi ìró gbọ́.

Bí kóòdù kò bá sí, ṣùgbọ́n tí ìró ń dún, sẹ́ńsọ̀ kọ́ ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Kí a wo ooru ẹ́ńjìnnì, èédú tó ti dì sórí pístìnnì, epo tí kò dára tó àti plọ́ọ̀gì tí kì í ṣe irú tirẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń lo kabúrétọ̀, bíi Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà kan rí, kì í sábà ní sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì. Etí mẹkáníìkì ni sẹ́ńsọ̀ tiẹ̀: á dẹ bóòtù dísítíríbútọ̀, ẹ̀yà tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, á yí dísítíríbútọ̀ náà díẹ̀ kí iná lè pẹ́ dé, á dè é padà, á sì tún fi gun òkè kan náà wò.