Ìdúpẹ́ Kì í Ṣe Owó Àsansílẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti ń darí àdúrà ìdájí ní ìjọ wa, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: "Pásítọ̀, tí mo bá kọ́kọ́ dúpẹ́, ṣé Ọlọ́run á tètè dá mi lóhùn?" Òwe wa ló dá a sílẹ̀. A ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà, la bá sọ ọ̀rọ̀ ìtọ́ni ọmọ di àbẹ̀tẹ́lẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ẹni tó ń dúpẹ́ kó lè rí òmíràn gbà, ẹ̀bẹ̀ ló ṣì ń bẹ̀.

Ẹ wo àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù 17. Bí wọ́n ṣe ń lọ fi ara wọn han àlùfáà ni ara wọn dá, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Jésù ò gba ìwòsàn náà padà lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án. Ará Samáríà kan péré ló ṣẹ́rí padà wá dúpẹ́, kò sì wá tọrọ nǹkan mìíràn. Àwa Yorùbá mọ irú ẹ̀ dáadáa: ẹni tó ṣe wá lálejò lánàá, bá a bá pàdé rẹ̀ láàárọ̀, "Ẹ ṣé àná o" ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Kì í ṣe pé a tún ń wá àmàlà. (Ó dáa, àwọn kan ń wá a.)

Èmi náà ti ṣi ìdúpẹ́ lò rí. Mo lọ kí opó kan ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, mo ní kó kúnlẹ̀ ká dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀. Ó ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Bí mo ṣe ṣe àmín, ó ní, "Pásítọ̀, kí lẹ ní kí n dúpẹ́ lé lórí?" Mi ò rí nǹkan sọ.

1 Tẹsalóníkà 5:18 ní ká dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Ẹnìkan á mú Éfésù 5:20 kò mí lójú, pé ibẹ̀ ní nítorí ohun gbogbo. Òótọ́ ni. Àmọ́ Pọ́ọ̀lù kan náà ló ní ká bá àwọn tó ń sunkún sunkún, ní Róòmù 12:15, èyí tí mo gbàgbé lọ́jọ́ náà. Ká ní mo gbọ́n ni, Sáàmù 13 ni mi ò bá kà fún un. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ìparí pátápátá ló tó kọrin. Sáàmù 88 ò tilẹ̀ kọrin rárá, inú òkùnkùn ló parí sí, Bíbélì ò sì yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí ìdúpẹ́ bá wá dé, ẹ jẹ́ kó ní ojú. "Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí, fún àlàáfíà, fún ààbò," tí à ń sáré pè bíi kọ́ńdọ́kítọ̀ tó ń pe èrò, kò tíì kan ẹnikẹ́ni. Mú ẹyọ nǹkan kan láti àná: "Olúwa, bírèkì ọkọ̀ yẹn kọ̀, a sì délé." Ó tó.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, opó yẹn pè mí ní kùtùkùtù. "Pásítọ̀, mo sùn mọ́jú lánàá. Mi ò ta jí rárá. Ẹ bá mi dúpẹ́ ẹ̀."