Gírámà fọ́máàlì àti ìpele àwọn èdè tó ń bí

Gírámà fọ́máàlì ni àkójọ òfin tí a fi ń to àmì pọ̀ di gbólóhùn. Èdè rẹ̀ ni gbogbo gbólóhùn tí òfin náà lè bí. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: àmì tó ń hàn nínú gbólóhùn, àmì tí a ó fi nǹkan mìíràn rọ́pò, àmì ìbẹ̀rẹ̀, àti òfin ìrọ́pò. Òfin S → aSb àti S → ab (→ ni pé kí a fi ohun tó wà lápá ọ̀tún rọ́pò ti apá òsì) ń bí ab, aabb, aaabbb, láìlópin.

Noam Chomsky, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìpele wọn kalẹ̀ ní 1956, tó sì tún un ṣe ní 1959. Láti ìpele 3 dé 0, bí òfin bá ṣe ń tú sí i ni agbára ń pọ̀ sí i.

Ìpele 3 ló rọrùn jù. Nọ́ńbà mọ́tò wà níbẹ̀: ti Ìkòròdú ní KRD, ti Ẹ̀pẹ́ ní EPE, nọ́ńbà mẹ́ta tẹ̀ lé e, lẹ́tà méjì parí rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kàn ní láti mọ ibi tó kà dé ni.

Èdè ab, aabb, aaabbb yẹn kọjá bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ rántí iye a tó ti rí. Ìpele 2 nílò ìrántí tó dà bí abọ́ tí a tò léra: èyí tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde. Ìpele yìí ni ìlànà tí John Backus àti Peter Naur fi ṣàpèjúwe ALGOL 60, èdè kọ̀ǹpútà. Èdè abc, aabbcc, aaabbbccc, láìlópin, di ti ìpele 1. Ìpele 0 ni ti ẹ̀rọ Turing, àwòṣe kọ̀ǹpútà tí ìrántí rẹ̀ kò lópin. Nínú àwọn èdè ibẹ̀, a rí èyí tí kò sí ìlànà tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nígbà gbogbo bí a bá bi í bóyá gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀.

Ibo wá ni èdè ènìyàn wà? Ní 1985, Stuart Shieber, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi èdè Jámánì ti Switzerland hàn pé ìpele 2 kò tó. Yorùbá náà ní ẹ̀rí tirẹ̀, ó sì lágbára púpọ̀. Ní ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́, ènìyàn lè sọ pé: «Ríra ẹja dín tí Ìyá Ṣadé ra ẹja dín wù mí.» Kò jẹ́ sọ pé: «Ríra ẹja dín tí Ìyá Ṣadé ra edé dín wù mí.» Apá kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀. Ìrántí ìpele 2 á dá ọ̀rọ̀ padà láti ẹ̀yìn wá, nítorí náà bí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ bá lè gùn láìlópin, apá rẹ̀ kò ká a. Greg Kobele, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, yẹ irú gbólóhùn Yorùbá yìí wò fínnífínní nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 2006.