Bí wọ́n ṣe ń hun súwẹ́tà ní Fair Isle, erékùṣù tí ojú ọjọ́ ń darí

Fair Isle jẹ́ erékùṣù kékeré kan tó wà láàárín àwọn erékùṣù Orkney àti ti Shetland, ní ìhà àríwá Skọ́tíláǹdì. Gígùn rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 5 lọ, ìbú rẹ̀ kò sì tó 3. Nǹkan bí 60 ènìyàn tàbí kí ó dín díẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀ lóde òní, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400. Orúkọ erékùṣù náà rìn jìnnà ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, nítorí pé níbikíbi tí a bá ti rí súwẹ́tà tí wọ́n to àmì aláwọ̀ oríṣiríṣi sí ní ìpele-ìpele yí ara rẹ̀ ká, Fair Isle ni àwọn oníṣòwò aṣọ máa ń pè é, ì báà ṣe ẹ̀rọ inú ilé iṣẹ́ ńlá kan ní ilẹ̀ mìíràn ló hun ún. Èyí tí wọ́n ń hun ní erékùṣù náà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, láti ara àgùntàn títí tí yóò fi wọ inú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ.

A kò lè lóye iṣẹ́ ọwọ́ náà bí a kò bá kọ́kọ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń dé ibẹ̀ àti bí ó ṣe ń kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló ń ná ọ̀nà náà déédéé, orúkọ rẹ̀ ni Good Shepherd IV, àwọn ará erékùṣù fúnra wọn ni òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, èrò 12 péré ló sì lè gbé pẹ̀lú ẹrù. Láti erékùṣù dé èbúté Grutness, ní ìsàlẹ̀ Shetland, ó máa ń gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀ bí òkun bá fara balẹ̀. Nígbà ooru ó máa ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nígbà òtútù ẹ̀ẹ̀kan péré ni, bí ìjì bá sì ń jà, kò ní lọ rárá. Nítorí pé ìgbì lè fọ́ ọkọ̀ mọ́ etí èbúté, ńṣe ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tó ń wọ́ okùn fà á jáde kúrò nínú omi lẹ́yìn ìrìn àjò, tí wọ́n á sì gbé e sí inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún un lórí ilẹ̀. Bàálù kékeré kan tún wà, ṣùgbọ́n kùrukùru lè dá a dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹni tó bá ń gbé irú ibi bẹ́ẹ̀ kò lè ní iṣẹ́ kan ṣoṣo: àgbẹ̀ tó ní àgùntàn lè jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, kí ó tún jẹ́ panápaná ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tí bàálù bá ń bọ̀, kí ó sì jókòó ti súwẹ́tà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ìhà gúúsù erékùṣù ni àwọn ilé àti oko wà, nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dára. Ìhà àríwá jẹ́ òkè àti koríko líle, gbogbo àwọn olóko ló jọ ń da ẹran síbẹ̀, odi kan sì là á láàárín kí ẹran má baà wọ inú ọ̀gbìn. Bí ó bá di àkókò àtikó àgùntàn jọ, tilé-toko ló ń jáde, nítorí pé ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta kò lè da agbo ẹran sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí etí rẹ̀ jẹ́ kìkìdá bèbè gíga lójú òkun.

Àgùntàn Shetland kéré, ìrù rẹ̀ kúrú, irun rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àgùntàn mìíràn lọ. Ó ní ìwà kan tí ó wúlò púpọ̀: bí ìgbà ooru bá ń wọlé, irun àtijọ́ máa ń tú lára rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí tuntun ṣe ń hù lábẹ́, nítorí náà láyé àtijọ́ wọn kì í fi ọ̀bẹ tàbí àlùmọ́gàjí gé e, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tu ú. Irun tí wọ́n fọwọ́ tu báyìí kì í ní etí gígé, orí rẹ̀ máa ń tín-ínrín, òwú tí wọ́n bá sì fi ran kì í ta ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀. Wọn á fọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò láìbọ́ gbogbo ọ̀rá rẹ̀ tán, wọn á fi pátákó méjì tí eyín irin wà lára rẹ̀ ya á títí tí gbogbo fọ́nrán yóò fi dojú kọ ọ̀nà kan, lẹ́yìn náà ni wọn á fi kẹ̀kẹ́ ìrànwú ran án. Lóde òní, ilé iṣẹ́ òwú ní Shetland ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, àwọn tó ṣì ń fọwọ́ rànwú ní ilé kò pọ̀ mọ́.

Àwọ̀ ni ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn jù. Àgùntàn fúnra rẹ̀ ti mú àwọ̀ púpọ̀ wá: funfun, dúdú, eérú, àti àwọ̀ ilẹ̀ pupa kan tí àwọn ará Shetland ń pè ní moorit. Ẹni tí kò fẹ́ rẹ òwú rárá lè fi àwọn wọ̀nyí nìkan hun súwẹ́tà tó pé. Fún àwọ̀ tó ń tàn, wọ́n ń lo ohun tí wọ́n bá rí. Àwọn ewéko kan wà tó ń mú àwọ̀ ìyeyè wá. Ohun kan sì tún wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara àpáta bí ewédò gbígbẹ, wọ́n máa ń ha á kúrò, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìtọ̀ tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ títí tó fi kan, lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀ yóò di àwọ̀ elésè àlùkò. Pupa gidi wá láti ara gbòǹgbò kan tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ oníṣòwò. Búlúù náà, ọjà ni wọ́n ti rà á, àwọ̀ kan náà ni pẹ̀lú èyí tí àwọn aláró Abẹ́òkúta ń yọ lára ẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí igi ẹ̀lú tó lè hù nínú òtútù Shetland. Nítorí pé owó ni pupa àti búlúù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa ń lò nínú súwẹ́tà kan, ní àárín àmì, níbi tí ojú yóò ti kọ́kọ́ rí i.

Híhun súwẹ́tà yàtọ̀ sí híhun òfì. Òfì máa ń fi òwú kan gba àárín òmíràn kọjá. Abẹ́rẹ́ súwẹ́tà ní tirẹ̀ máa ń fa òwú gba inú ojú tó wà níwájú rẹ̀, kí ó lè di ojú tuntun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe é títí aṣọ yóò fi gùn. Ní Fair Isle, abẹ́rẹ́ irin gígùn tó ní ẹnu sóńsó ní ìhà méjèèjì ni wọ́n ń lò, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, yíyí ni wọ́n sì ń hun aṣọ náà bí ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń hun ún máa ń de bẹ́líìtì aláwọ kan mọ́ ìdí, wọ́n ti ki irun ẹṣin sínú rẹ̀, wọ́n sì ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lójú. Yóò ti ẹnu abẹ́rẹ́ kan bọ inú ihò, bẹ́líìtì á wá máa gbé ìwúwo aṣọ fún un, ọwọ́ rẹ̀ á sì rọrùn láti máa ta òwú kánkán. Bẹ́líìtì yìí ló jẹ́ kí àwọn obìnrin Shetland lè máa hun aṣọ bí wọ́n ṣe ń rìn, kódà nígbà tí apẹ̀rẹ̀ kún lẹ́yìn wọn. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ìsinmi ni híhun súwẹ́tà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe mọ́ iṣẹ́ mìíràn ni.

Òfin kan ló gbé gbogbo ẹwà aṣọ náà ró: nínú ìlà kan, òwú aláwọ̀ méjì péré ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Ẹni tó bá wo súwẹ́tà náà lókèèrè lè rò pé àwọ̀ méje tàbí mẹ́jọ ló dojú rú síra wọn, ṣùgbọ́n bí ó bá fi ìka tọ ìlà kan lọ, méjì ni yóò rí. Ohun tó ń mú kí ó dà bí ẹni pé ó pọ̀ ni pé wọ́n ń pààrọ̀ ọ̀kan nínú àwọ̀ méjèèjì ní ìlà bíi mélòó kan síra, tí wọ́n á máa ti orí dúdú bọ́ sí eérú, láti eérú bọ́ sí funfun, kí wọ́n tó tún padà. Òwú tí kò bá kan nínú méjèèjì máa ń gba ẹ̀yìn aṣọ kọjá títí yóò fi tún kàn án. Wọn kì í jẹ́ kí ó gba ẹ̀yìn ojú tó pọ̀ kọjá, nítorí bí ó bá gùn jù, ìka ẹni tó ń wọ súwẹ́tà náà yóò máa kọ́ ọ, bí wọ́n bá sì fà á le jù, aṣọ yóò súnkì. Nítorí òwú ẹ̀yìn yìí, súwẹ́tà náà nípọn bí ẹni pé aṣọ méjì ni, ohun tí apẹja tó wà lójú òkun Àríwá sì nílò gan-an nìyẹn.

Àwọn àmì náà ní ètò tiwọn. Inú ìpele ńlá ni àmì bí òbírípo tó ní igun mẹ́fà àti àmì àgbélébùú ń tẹ̀ léra. Láàárín ìpele ńlá kan àti òmíràn ni àwọn àmì kéékèèké wà, tí kò ju ìlà bíi mélòó kan lọ. Apá òsì àmì kọ̀ọ̀kan bá apá ọ̀tún rẹ̀ mu, orí rẹ̀ bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mu, nítorí náà ẹni tó bá ti mọ ìdajì rẹ̀ ti mọ odindi. Báyìí ni wọ́n ṣe lè hun ún láìwo ìwé, nínú òkùnkùn ìgbà òtútù nígbà tí ojúmọ́ kò ju bíi wákàtí mẹ́fà lọ.

Bí aṣọ bá ti dé ibi apá, ẹni tó ń hun ún kì í dá a dúró láti pín in sí iwájú àti ẹ̀yìn. Yóò fi ojú díẹ̀ kún un gẹ́gẹ́ bí afárá, yóò máa hun yíyí lọ títí dé èjìká, lẹ́yìn náà ni yóò mú àlùmọ́gàjí, tí yóò gé àárín afárá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí lè pariwo, ṣùgbọ́n irun àgùntàn Shetland máa ń dì mọ́ra débi pé kì í tú bọ̀rọ̀. Etí tí wọ́n gé náà ni wọn á ti ṣa ojú jọ láti hun apá. Nígbẹ̀yìn, wọn á fọ súwẹ́tà náà, wọn á sì fi omi lára rẹ̀ wọ̀ ọ́ fún pátákó kan tí wọ́n kàn bí àyà àti apá ènìyàn, kí ó gbẹ síbẹ̀, kí gbogbo ojú rẹ̀ tò dọ́gba.

Ìtàn kan wà pé àwọn atukọ̀ Sípéènì ló kọ́ àwọn ará Fair Isle ní àwọn àmì wọ̀nyí, nígbà tí ọkọ̀ ogun El Gran Grifón rì síbẹ̀ ní ọdún 1588. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ náà rì, ṣùgbọ́n irú àmì báyìí wọ́pọ̀ káàkiri Norway àti àwọn ilẹ̀ etí òkun Baltic, tí àwọn ọkọ̀ wọn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́dọọdún. Wọ́n lè rí i láìsí Sípéènì kankan. Ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ láti òkun Àríwá sí Àtìláńtíìkì ni erékùṣù náà wà, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ sì máa ń wa ọkọ̀ igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọn lọ pàdé ọkọ̀ ńlá, kí wọ́n lè fi fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ẹyin adìyẹ ṣe pàṣípààrọ̀ oúnjẹ àti nǹkan ìlò. Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Láyé ìgbà náà, àwọn oníṣòwò Shetland kì í san owó fún obìnrin tó hun aṣọ, tíì, ṣúgà àti aṣọ ọjà ni wọ́n ń fún un, iye tí wọ́n bá sì fẹ́ ni wọ́n máa ń fi lé e. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan wádìí ọ̀ràn náà ní 1872. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ní 1862, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti kó kúrò ní Fair Isle lọ sí New Brunswick ní Kánádà.

Ohun tó yí ọjà náà padà ni súwẹ́tà kan tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, Prince of Wales nígbà náà, wọ̀ lọ gbá gọ́ọ̀fù ní St Andrews ní 1922. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ọlọ́lá fẹ́ ní irú rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé. Orúkọ erékùṣù náà kò ní ààbò òfin tó lè dá wọn dúró. Ní 2015, ilé aṣọ Chanel tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan ní Fair Isle lẹ́yìn tí wọ́n gbé àwọn àmì rẹ̀ jáde láìdárúkọ rẹ̀.

Súwẹ́tà nìkan kọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ ṣe. Igi kì í hù sí erékùṣù náà débi tí a lè gé e là, nítorí náà igi tí òkun bá gbé wá sí etíkun ni wọ́n fi ń kan àga. Pòròpórò óòtì ni wọ́n sì fi ń hun ẹ̀yìn rẹ̀ ní gíga, kí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé má baà kan ẹni tó jókòó.

Àtúpà ni wọ́n fi ń hun aṣọ lálẹ́ nígbà kan. Ní 1982 ni ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní iná, ṣùgbọ́n títí di 2018, bí atẹ́gùn kò bá fẹ́, iná máa ń kú ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ títí di àárọ̀, nítorí pé wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ẹ̀rọ atẹ́gùn mẹ́ta, sólà àti bátìrì ńlá fún wọn ní iná tọ̀sán-tòru. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni kò tíì ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló wà, nítorí náà bí ọmọ bá ti tó bí ọdún méjìlá, ó ń lọ gbé ní Lerwick, olú ìlú Shetland, láti kàwé, ní ọjọ́ orí tí ìka rẹ̀ ì bá máa mọ abẹ́rẹ́.

Nítorí pé ọwọ́ kò pọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí súwẹ́tà Fair Isle tòótọ́ rà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan yóò kọ orúkọ sílẹ̀, yóò mú àwọ̀, yóò sì dúró fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ. Bí ó bá gbẹ tán lórí pátákó, wọn á dì í, wọn á kọ àdírẹ́sì sí i, yóò sì wà nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ erékùṣù títí òkun yóò fi rọlẹ̀ tó kí wọ́n lè ti Good Shepherd padà sínú omi.