Ààtàn Tó Ń Sọ̀rọ̀: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Kọ́ Iṣẹ́ Awalẹ̀pìtàn ní Aṣálẹ̀

Ní Èkìtì, ilé alámọ̀ tí òrùlé rẹ̀ bá ti ṣí kì í pẹ́ wó. Òjò á rọ̀ lù ú, ikán á jẹ òpó rẹ̀, igbó á bò ó. Aṣálẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú nǹkan jẹrà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí omi, òjò sì ṣọ̀wọ́n ní aṣálẹ̀ Íjíbítì débi pé aṣọ, okùn àti agbọ̀n lè wà lábẹ́ iyanrìn fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Bernard Grenfell àti Arthur Hunt, ọ̀mọ̀wé méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í wa ààtàn Oxyrhynchus, ìlú àtijọ́ kan ní Íjíbítì, ní ìparí ọdún 1896, ìwé òrépèté, ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi koríko etí odò ṣe, ni wọ́n ń hú jáde: lẹ́tà, ìwé gbèsè, ìwé owó orí. Ohun tí ará ìlú dà nù ló di ìtàn ìlú.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ kọ́ iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn, ìyẹn wíwa ilẹ̀ láti mọ ìtàn àtijọ́, níbẹ̀ kì í sábà rí wúrà. Àpáàdì ló máa rí, àpáàdì lórí àpáàdì. Kò sì yẹ kó ṣàárẹ̀ nítorí rẹ̀: ìkòkò ń fọ́ ṣùgbọ́n kì í jẹrà, ọnà ara rẹ̀ sì ń yí padà láti ìran dé ìran, ìyẹn ló ń jẹ́ ká mọ ìgbà tí wọ́n mọ ọ́n. Ẹni tó bá mọ ìkòkò Ìsàn-Èkìtì dáadáa á tètè lóye èyí.

Kí wọ́n tó wa ilẹ̀, wọ́n á kan èèkàn, wọ́n á ta okùn. Bí bíríkìlà ṣe ń ta okùn ìpìlẹ̀ ní Adó náà ni: mítà 3 lápá kan, mítà 4 lápá kejì, bí ìdábùú àárín wọn bá jẹ́ mítà 5 géérégé, igun náà gún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa họ ilẹ̀ ní ìpele-ìpele, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ bíi ti bíríkìlà àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ti bá bàbá rẹ̀ kọ ebè iṣu gbọ́dọ̀ gbàgbé agbára apá rẹ̀ níbí. Àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń wò: ibi tó bá dúdú lè jẹ́ ìdí ààrò, ibi tó rí roboto lè jẹ́ ojú òpó tó ti lọ. Ìpele ìsàlẹ̀ ló sábà ń dàgbà ju tòkè lọ, àfi bí eku tàbí ẹni tó gbẹ́ kòtò bá ti dà á rú.

Iyanrìn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ilẹ̀ pupa Èkìtì lè dúró ṣánṣán bí ògiri ṣáláńgá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kó iyanrìn gbígbẹ jáde ló ń ṣàn padà. Nítorí náà wọ́n ń fẹ ẹnu kòtò gan-an, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀.

Gbogbo iyanrìn tí wọ́n bá kó ń gba inú ajọ̀ kọjá, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ àti hóró ọkà kì í hàn sí ojú. Wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n ti rí nǹkan kọ̀ọ̀kan sí ara àpò rẹ̀. Nǹkan tí kò bá ní ibùgbé lórí ìwé ti sọnù, bó tilẹ̀ wà lọ́wọ́. Èédú ni wọn kì í fọwọ́ kàn. Fọ́ìlì ni wọ́n ń wé e sí, kí wọ́n lè fi kábọ́ọ̀nù-14, irú kábọ́ọ̀nù kan inú rẹ̀ tí ìdajì rẹ̀ ń lọ ní ọdún 5,730, ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀.

Òwúrọ̀ kùtù ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ nítorí oòrùn. Ọ̀sán wà fún fífọ àpáàdì, yíyàwòrán àti kíkọ ìwé. Ìṣọ́ra wà níbẹ̀ náà: àwọn kan máa ń fi tàdáwà kọ̀wé sára àpáàdì láyé àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kánjú fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó ti pa lẹ́tà rẹ́.

Ní Èkìtì, ọ̀rinrin àti ilẹ̀ kíkan á ti jẹ egungun àti aṣọ kí ẹnikẹ́ni tó dé, àpáàdì, òkúta àti ìdàrọ́ irin ló sábà ń kù. Iṣẹ́ kan náà ni, àmọ́ àwọ̀ ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀.

Bí wọ́n bá parí, wọ́n á da iyanrìn padà, kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn má baà ba ògiri alámọ̀ tí wọ́n hú jẹ́. Àwọn mìíràn máa ń sọ owó onírin tí wọ́n kọ ọdún yẹn sí lára sí ìsàlẹ̀ kòtò kí wọ́n tó dí i, kí ẹni tó bá tún wà á lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tí ọwọ́ wọn dé.