Kì í ṣe gbogbo ewé yẹ́lò ló ń wá ferrous sulphate

Ohun tó máa ń bí èèyàn nínú ni pé kí ẹnì kan rí ewé àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ tó di yẹ́lò lóko, kó kàn sọ pé "irin ló ń wá", kó sáré lọ ra ferrous sulphate, kó bu ẹ̀kúnwọ́ kó dà á sídìí ẹ̀. Ní Èkìtì ńbí o! Ilẹ̀ tó pupa láti Adó títí dé Ìkọ̀lé, tí yangí wà lábẹ́ ẹ̀, irin gan-an ló pa á láró. Irin ò wọ́n wa rárá. Ohun tó yẹ ká máa bèèrè ni irú irin tó wà níbẹ̀, torí oríṣi méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ tí nnkan yìí ń ṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ká yára sọ ohun tó jẹ́. Irin tí ásíìdì sulphuric yọ́ ni, tó wá dì bí iyọ̀, tó ní àwọ̀ ewé. Wọn kì í sábà dìídì ṣe é. Kí wọ́n tó fi síńkì bo irin páànù, wọ́n ní láti kọ́kọ́ rì í sínú ásíìdì kí ìpẹtà ara ẹ̀ lè ṣí kúrò, ohun tó yọ́ sínú ásíìdì yẹn ló ń di ferrous sulphate fún àwọn tó ń lo sulphuric. Àwọn tó ń ṣe àwọ̀ funfun inú ọ̀dà náà ń rí i rẹpẹtẹ, torí ilmenite, òkúta tí wọ́n ti ń yọ titanium tí wọ́n fi ń ṣe àwọ̀ yẹn, irin pọ̀ nínú ẹ̀ gan-an ni. Ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ tí wọn ì bá máa wá ibi dà sí, òun ni wọ́n ń kó sápò tí wọ́n ń tà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń rà á kó mọ̀ pé nínú kílò kan èyí tó ní àwọ̀ ewé yẹn, omi ló kó bíi gíráàmù 450, irin gangan ò ju bíi 200 lọ. Wọ́n bá gbé e sórí iná, omi yẹn á lọ, á di funfun, irin inú kílò kan á wá pọ̀ sí i. Torí náà kéèyàn má kàn máa wo owó orí àpò, kó bèèrè èyí tó jẹ́.

Ó yá, irin méjì. Ferrous ni èyí tó máa ń yọ́ sínú omi, tójú ò ní rí i mọ́. Ferric ni èyí tí ọ́síjìn ti bá, tó ti pàdánù electron kan (hóró kíntín inú átọ́ọ̀mù), ó ti pọ́n, kò sì ní yọ́ mọ́ àfi tí ásíìdì bá pọ̀ níbẹ̀. Èèyàn lè fojú ara ẹ̀ rí bó ṣe ń yí padà. Ẹ fa omi kànga tí irin pọ̀ nínú ẹ̀ láàárọ̀, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, á mọ́ gaara, ẹ ò ní rí nnkan kan nínú ẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń pọ́n, tó bá di ọjọ́ kejì nnkan pupa kan ti sùn sísàlẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun iléèwé tí wọ́n bá sì fi fọ̀ ò ní funfun mọ́ láéláé. Ẹnikẹ́ni ò da nnkan kan sí i o, afẹ́fẹ́ ló bá a.

Ní àkùrọ̀ ńkọ́, omi tó dúró sójú kan máa ń ní nnkan fẹ́lẹ́ kan lórí tó ń dán, tó ń yọ oríṣiríṣi àwọ̀, tẹ́ni tí ò mọ̀ á fi rò pé epo rọ̀bì ló ń sun jáde. Ẹ mú igi kékeré, ẹ fi tọ́ ọ. Tó bá jẹ́ epo ni, á ṣàn padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á pa pọ̀. Tó bá jẹ́ irin ni, á sán sí wẹ́wẹ́ lójú omi, á sì wà bẹ́ẹ̀.

Gbòǹgbò ewéko, irin tó yọ́ nìkan ló lè mu. Èyí tó wà nínú yangí dà bí iṣu tó kún àká tí wọ́n tilẹ̀kùn ẹ̀ pa, tọ́mọ ilé wá ń sunkún ebi lẹ́nu ọ̀nà. Kíkan ilẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àká yẹn. Tílẹ̀ bá kan díẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí díẹ̀, iṣu á máa jáde ní ìwọ̀nba, ọmọ á jẹ á yó. Tí ẹfun tàbí eérú bá pọ̀ nínú ilẹ̀ tí pH ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó, bó bá ṣe ń ga ni kíkan ń dín kù) wá kọjá 7.5, ilẹ̀kùn á tì pinpin, kódà kí iṣu inú àká pọ̀ ju ti ọba lọ. Tómi bá wá kún bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìyẹn tún ni wàhálà míì, omi á gbé ilẹ̀kùn lọ, iṣu á tú síta, ọmọ á jẹ àjẹkì, àìsàn á dé.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí à ń dáko sí ní Èkìtì, ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ni. Àká tó kún tó sì ti ṣí ni. Ẹni tó ń da ferrous sulphate síbẹ̀ ń ru iṣu lọ síbi tí iṣu ti ń jẹrà ni, kò sì parí síbẹ̀, torí bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń sọ ferrous yẹn di ferric nínú ilẹ̀ náà ló ń tú ásíìdì jáde, ilẹ̀ á túbọ̀ máa kan, irin pupa yẹn á sì máa di phosphate mú. Phosphate yẹn ni P tó wà nínú NPK téèyàn fowó gidi rà. Gbòǹgbò ò ní rí i mu dáadáa mọ́. Ẹni yẹn á wá padà wá máa ní fatiláísà ayé ìsinsìnyí ò dáa mọ́.

Ewé fúnra ẹ̀ á sọ ohun tó ń ṣe é tẹ́ni tó ń wò ó bá fara balẹ̀. Náítírójìn, ewéko lè kó o kúrò lára ewé àgbà lọ fún ewé tuntun, torí náà tí náítírójìn bá tán, ewé ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ di yẹ́lò. Ti àgbàdo tiẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, á gba àárín ewé wọlé. Irin ò ṣeé kó bẹ́ẹ̀, ibi tó bá ti wọ̀ ló ń jókòó sí, torí náà ewé orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ló ń jìyà, á di yẹ́lò ṣùgbọ́n iṣan ewé á ṣì tutù yọ̀yọ̀ láàárín ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀gẹ́ ni, tí yẹ́lò ẹ̀ rí kálakàla, tí ewé sì ká jọ, mòsáíkì nìyẹn, àrùn ni, eṣinṣin funfun kékeré àti igi ẹ̀gẹ́ tó ti ní in tẹ́lẹ̀ ló ń gbé e kiri. Kò sí irin ayé tó lè wo ìyẹn.

Ibi tí oògùn yìí ti ń jẹ́ gan-an wà o. Ẹ wo ọgbà ẹ̀fọ́ tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gaàrí, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da eérú síbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ilẹ̀ ibẹ̀ lè má kan mọ́ rárá, irin á wà níbẹ̀ kò ní ṣeé mu, ewé orí á funfun. Téèyàn bá da ferrous sulphate sílẹ̀ irú ibẹ̀, kó tó pẹ́ eérú yẹn á sọ ọ́ di ìpẹtà, owó ti lọ nìyẹn. Ewé ni kó fín in sí, bíi gíráàmù 5 sínú lítà omi kan, nírọ̀lẹ́ tóòrùn ti rọ̀, torí tó bá nípọn jù á jó ewé. Á sì tún un fín nígbà tí ewé tuntun míì bá yọ, torí irin tó wọ ewé àná ò lè rìn lọ bá tòní. Kó sì jìnnà sí ògiri àti sìmẹ́ńtì ilẹ̀, àbàwọ́n ẹ̀ kì í ṣí.

Onírẹsì ni kó máa sá fún un jù lọ, yálà ní Ìgbẹmọ ni àbí àkùrọ̀ ibòmíì. Tómi bá bo ilẹ̀ tí ọ́síjìn inú ẹ̀ tán, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí tó wà nínú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin pupa mí dípò ọ́síjìn, wọ́n á máa dá electron tó pàdánù padà fún un, ferric á tún di ferrous. Ohun tí afẹ́fẹ́ ṣe ni wọ́n ń tú palẹ̀ yẹn, àgbàyanu ni. Irin á wá yọ́ sínú omi ju bó ṣe yẹ lọ, òmíì tún ń ṣàn wá láti orí òkè wá kún un. Ìrẹsì á mu ún yó kọjá ààlà, ewé àgbà á máa ní tóótòòtó búráwùn láti ṣóńṣó, gbòǹgbò á pọ́n bí ẹni pé wọ́n kùn ún. Ohun tó ń gbà á ni kí wọ́n ṣí omi kúrò fúngbà díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, àti kí wọ́n gbin irú ìrẹsì tó lè fara dà á. Ẹ wá rò ó wò kẹ́nì kan tún wá bu irin sí i.

Yíyí padà kan náà yìí ni wọ́n ń lò níbi gbogbo. Láwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Yúróòpù, wọ́n ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, ferrous á fi electron ẹ̀ fún chromium, mẹ́táàlì kan tó wà nínú sìmẹ́ńtì, irú èyí tó ń sọ ọwọ́ bíríkìlà di èyí tó ń yún tó ń bó, kò ní lágbára mọ́. Láti 2005 ni òfin wọn ti sọ pé chromium yẹn ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò sìmẹ́ńtì kan. Níbi tí wọ́n ti ń fọ omi mọ́ fún mímu, ferric sulphate ni wọ́n ń lò bíi ti álọ́ọ̀mù, torí èyí tí ò yọ́ ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀, á dì, á gbá ìdọ̀tí mọ́ra, á sùn sísàlẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún náà, ferrous ni: hóró mílígíráàmù 200 èyí tí wọ́n ti gbẹ ní irin bíi 65 nínú. Ọsàn ń ràn án lọ́wọ́ torí vitamin C ò ní jẹ́ kó di ferric. Tíì ni kò bá a mu, ohun tó ń mú ẹnu ro nínú tíì á dì mọ́ irin yẹn, á dúdú, ara ò sì ní rí i gbà. Dúdú yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe yíǹkì ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹni tó bá wá fẹ́ rà á fún fífín, kó ní kí wọ́n ṣí àpò. Tó bá ṣì ní àwọ̀ ewé, tàbí tó funfun torí wọ́n ti gbẹ ẹ́, ó ṣì dáa. Tó bá ti di yẹ́lò tó ń pọ́n lọ, tó sì ti dì gbagidi nínú àpò, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti bá a, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ti di ferric, ìdọ̀tí á wà nísàlẹ̀ omi tí wọ́n bá pò ó sí, á sì máa dí ẹnu ẹ̀rọ ìfín.