Donzi àtijọ́: kí ló yẹ ká tún ṣe kí ọkọ̀ tó lè sáré sí i?

Ní NE 188th Street, létí omi ní àríwá Miami, ni Don Aronow ti dá ilé iṣẹ́ Donzi, tó ń ṣe ọkọ̀ omi asáré, sílẹ̀ ní 1964. Àwọn ọkọ̀ rẹ̀ kéékèèké, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 16 àti 18, ló lókìkí jù, ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) tó jẹ́ ti mọ́tò tẹ́lẹ̀ ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ṣì ń tà wọ́n lọ́wọ́ dọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ra ọ̀kan kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ti inú rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Ray Hunt, ayàwòrán ọkọ̀ omi, ló gbé irú ìsàlẹ̀ tí ọkọ̀ yìí ní jáde: láti iwájú dé ìdí, ó rí bíi lẹ́tà V, igun rẹ̀ nídìí sì tó nǹkan bíi dígírì 24. Ní 1960, Dick Bertram fi Moppie, ọkọ̀ onípákó tó ní irú ìsàlẹ̀ yìí, gba ipò kìíní nínú eré ìje láti Miami dé Nassau ní Bahamas, nígbà tí òkun ń ru gidi. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ asáré ti ń tẹ̀ lé e. Ṣe ni V máa ń la ìgbì, kì í gbá a bí ìsàlẹ̀ pẹlẹbẹ ti ń ṣe. Àmọ́ ó ń rì sínú omi ju pẹlẹbẹ lọ, nítorí náà ó ń fẹ́ agbára sí i kí eré wọn tó dọ́gba.

Agbára ọ̀hún kì í sì í bá eré pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Crouch, bí ìwúwo ọkọ̀ kò bá yí padà, ẹni tó fẹ́ kí eré di ìlọ́po méjì ní láti sọ agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní hp (agbára ẹṣin) 260 ń mú ọkọ̀ kan sá máìlì 60 ní wákàtí kan. Kó tó lè sá 70, ó máa fẹ́ tó hp 354. Bẹ́ẹ̀, jíà Alpha One ti MerCruiser, ìyẹn ohun èlò tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sínú omi, tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí kì í pẹ́ bàjẹ́ tí agbára bá ti kọjá 300 dáadáa. Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì tuntun máa ra jíà tuntun pẹ̀lú.

Ìdí ọkọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Fáíbà là ń rí lóde, àmọ́ pákó ló wà láàárín ògiri ẹ̀yìn tí wọ́n so jíà mọ́, òun náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ igi ìtìlẹ́yìn abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí omi bá gba ihò bóòtù kan wọlé, pákó á máa jẹrà nínú láìhàn síta. Òòlù onírọ́bà ni wọ́n fi ń gbá a káàkiri: ibi tó ṣì le, ohùn rẹ̀ máa ń mú, ibi tó ti rà, ohùn rẹ̀ máa ń kú. Ọ̀dà tuntun kò lè sọ èyí fún ẹni tó ń rà á. Kí a fi hp kún ẹ́ńjìnnì tó so mọ́ pákó tó ti rà, ọ̀nà àtifa ìdí ọkọ̀ ya nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ló kan pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú, níbi tí owó kékeré ti ń mú ìyàtọ̀ ńlá wá. Nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì lára rẹ̀: fífẹ̀ rẹ̀, àti pitch, ìyẹn iye íǹṣì tí ì bá rìn síwájú nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ká ní omi kì í yẹ̀ fún un. Bí pitch bá fi íǹṣì 1 pọ̀ sí i, ìyípo ẹ́ńjìnnì á fi nǹkan bíi 150 sí 200 dín kù ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí à ń wá ni pé, nígbà tí wọ́n bá tẹ epo dópin, tí èrò àti ẹrù tó máa ń wà nínú ọkọ̀ sì pé, kí ẹ́ńjìnnì dé iye ìyípo tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sílẹ̀. Ti V8 lítà 5.7 oníkabúrétọ̀ sábà máa ń jẹ́ 4,400 sí 4,800. Bí kò bá dé ibẹ̀, pitch ti pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì ń fà tipátipá, písítìnì á sì jìyà rẹ̀. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, pitch ti kéré jù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí pùròpẹ́là ṣe di omi mú sí, kó sọ iye ìyípo di púpọ̀ pẹ̀lú pitch, kó wá fi ìwọ̀n jíà (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan) tí a ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 1,056 pín in. Pẹ̀lú ìyípo 4,800, pitch 23 àti jíà 1.5, èsì rẹ̀ jẹ́ bíi máìlì 69.7 ní wákàtí, ìyẹn eré tí ọkọ̀ ì bá sá ká ní omi kì í yẹ̀. Bí GPS bá ka 62, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló yọ̀ dànù. Láti 10 sí 15 kò burú fún ìsàlẹ̀ V. Bí ó bá ti tó 25, apá pùròpẹ́là kan ti tẹ̀, tàbí wọ́n ti gbé jíà ga jù, tàbí ìdọ̀tí ti bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Bọ́tìnnì trim, èyí tó ń tẹ jíà sínú tàbí síta, ló kù lọ́wọ́ awakọ̀. Bí jíà bá ti ń tẹ̀ síta, iwájú ọkọ̀ á máa gbéra, ìwọ̀nba ìsàlẹ̀ tó wà nínú omi á dín kù, eré á sì yá. Bó bá pọ̀ jù, iwájú ọkọ̀ á máa ròkè rodò láìdúró. Lórí eré àsápajúdé, V tóóró tún lè máa fì sọ́tùn-ún sósì, kí fífì náà sì máa le sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni kí awakọ̀ fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kúrò lórí epo. Yíyí síárìn lójijì ló ń dojú ọkọ̀ dé.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi dà bíi ti lọ́rì tó ń gun òkè láìsọ̀ kalẹ̀ rí. Nítorí ìyẹn, ìwọ̀n epo tó dín díẹ̀ tí mọ́tò lè fara dà lè yọ́ písítìnì níbí, kíka àwọ̀ púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn eré kan sì ṣe pàtàkì ju ìró ẹ́ńjìnnì lọ. Camshaft (irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) ti eré ìje tún ní ewu tirẹ̀: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sinmi, ó lè fa omi ìtutù inú páìpù èéfín padà sínú sílíńdà.

Ẹ̀yà ara mọ́tò tó dín owó kò yẹ nínú ọkọ̀ yìí, bó ti wù kó bára mu tó. Kabúrétọ̀ mọ́tò tó bá kún lè da epo síta. Ti ọkọ̀ omi ń dá a padà sínú. Wọ́n dí sítátà àti ọ̀táńétọ̀ tirẹ̀ náà pa kí iná wọn má bàa ta síta, torí pé ooru tó ń gbéra lára pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú ikùn ọkọ̀ ló ń sùn sí. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń tan fáànù ikùn ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 4, ó kéré tán, kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́.