Ọkọ̀ mi kò gbọ́ràn ní Monza: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí títo ọkọ̀ eré-ìje nínú símúlétọ̀

Àbúrò mi ra sítíárìn àti pẹ́dàlì, ó so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì gbé géèmù eré-ìje ọkọ̀ tó ń jẹ́ Assetto Corsa Competizione sí i. Ilé-iṣẹ́ Kunos Simulazioni ti ilẹ̀ Ítálì ló gbé e jáde ní 2019, àwọn ọkọ̀ eré-ìje GT3, ìyẹn ọkọ̀ eré-ìje tí wọ́n ṣe láti ara ọkọ̀ tí aráyé ń rà, ló sì dá lé lórí. Porsche 911 GT3 R ni àbúrò mi yàn, pápá eré-ìje Monza ní ilẹ̀ Ítálì ló sì fẹ́ràn jù. Láti ọjọ́ náà ni ohùn rẹ̀ ti ń wọlé sórí WhatsApp mi lóru. Mo kó àwọn ìbéèrè rẹ̀ jọ síbí nítorí ohun tó ń dà á láàmú kò yàtọ̀ sí ohun tó da èmi náà láàmú fún odidi ọdún kan, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì tún fi ọdún kan ṣòfò sí i.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ojú ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ yẹn, nǹkan tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ jù.

Má tíì fọwọ́ kan ìkankan. Géèmù náà ti to ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹ: Aggressive wà, Safe wà, Wet sì wà fún ìgbà òjò. Mú Safe, kí o sá ìyípo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìdúró, kí o sì kọ àkókò ìyípo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 1:50, tí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 1:53, tí ẹ̀kẹta jẹ́ 1:51, ọwọ́ rẹ ni kò tíì dúró sójú kan. Ohunkóhun tí o bá yí lára ọkọ̀ nígbà yẹn, o ò ní mọ̀ bóyá òun ló mú kí o yá ni àbí ìwọ lo rọra gé kọ́nà dáadáa ní ìyípo yẹn. Ìgbà tí ìyípo márùn-ún bá tẹ̀ léra tí ìyàtọ̀ wọn kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, padà wá bá mi.

Mo ti sá a, ó ti ń dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n lórí títì gbọọrọ, gbogbo ènìyàn ló ń kọjá mi. Ṣé kí n dín ìyẹ́ ẹ̀yìn kù, ìyẹn pátákó tó wà lókè ẹ̀yìn ọkọ̀?

Ibi tó jẹ mí níyà jù lo dé yìí, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ kúnnákúnná.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ ní Monza. Bí èmi àti ẹnì kan bá jọ jáde ní kọ́nà ìkẹyìn, Parabolica (wọ́n ti sọ ọ́ ní Curva Alboreto láti 2021, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́nu wa), onítọ̀hún á ti kọjá mi kí n tó dé ibi tí a ti ń tẹ bíréèkì. Mo dín ìyẹ́ ẹ̀yìn kù kí afẹ́fẹ́ má baà fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Kò yá. Mo tún dín in kù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wà lẹ́nu ẹ̀, títí ọkọ̀ fi di ohun tí kò dúró mọ́ ní kọ́nà kankan, síbẹ̀ kò yá lórí títì.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni ojú mi ṣèèṣì bọ́ sí igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí géèmù ti ń fi bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ pẹ́dàlì hàn: ọ̀pá aláwọ̀ ewé fún iná, ọ̀pá pupa fún bíréèkì. Mo wà láàárín títì gbọọrọ, mo tẹná délẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò fara kan nǹkan kan. Síbẹ̀ ọ̀pá pupa náà wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí òwú. Bíréèkì ń di ọkọ̀ mi mú ní ìwọ̀n 4 nínú ọgọ́rùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo dé òpin rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ló ti wọ inú pẹ́dàlì, ó bo ohun kékeré tó ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe rìn tó. Mo tú u, mo fi bíróòṣì gbọ́n ọn, mo fín oògùn tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń fọ ojú iná sí i, mo sì tún fi ibi tí pẹ́dàlì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí han kọ̀ǹpútà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni mo dá ìyẹ́ padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọjá mi mọ́ lórí títì.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan ìyẹ́, wo ọ̀pá pupa yẹn. Bí kò bá parẹ́ pátápátá nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ kò sí lórí bíréèkì, sọ fún kọ̀ǹpútà kí ó má ka ìwọ̀n 3 sí 5 àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún sí, kí o sì fọ pẹ́dàlì rẹ. Wo ọ̀pá iná náà pẹ̀lú: bí o bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ tí kò kún dé òkè, ẹ́ńjìnnì kò tíì fún ẹ ní gbogbo agbára rẹ̀. Àmì mìíràn tí mi ò tètè kà ni pé bíréèkì iwájú máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, afẹ́fẹ́ táyà iwájú náà sì máa ń ga láìnídìí. Ọkọ̀ ti ń sọ fún mi látọjọ́ yìí wá, ibòmíràn ni mo ń wò.

Sítíárìn mi máa ń le gan-an ní Parabolica, lẹ́yìn náà á dà bíi pé ó kú. Mi ò kì í mọ ìgbà tí táyà fẹ́ yọ̀.

O ti rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbi òde àríyá tí wọ́n yí ohùn rẹ̀ dé òpin? Akọrin ń kọ, ó ń pariwo, ṣùgbọ́n ariwo nìkan lò ń gbọ́, o ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Bí sítíárìn rẹ ṣe rí nìyẹn. Mọ́tò kékeré inú rẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí géèmù bá ní kí ó fa ọwọ́ rẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ló máa dúró sí òkè pátápátá, kò ní lè fi ìyàtọ̀ hàn mọ́ láàárín táyà tó dì mú ilẹ̀ àti táyà tó ti ń yọ̀. Dín gain kù, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí sítíárìn ṣe máa fa ọwọ́ rẹ tó, láti 100 sí nǹkan bí 70, kí o sì máa wo ọ̀pá tó ń fi agbára sítíárìn hàn. Ní kọ́nà tó le jù, kí ó sún mọ́ òkè, kó má lẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ á kọ́kọ́ rò pé ó ti fẹ́lẹ́ jù. Fún un ní ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí o bá wà níbẹ̀, wo ìwọ̀n yíyí sítíárìn náà. Sítíárìn Logitech G29, fún àpẹẹrẹ, ń yí dé dígíríì 900. Nọ́ńbà tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti èyí tó wà nínú géèmù gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní yí ọwọ́ ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ fi ń yí.

Mo fi afẹ́fẹ́ 26.5 psi sí táyà bí ẹ ṣe ní lórí WhatsApp. Nígbà tí mo sá ìyípo márùn-ún tán, ó ti di 28. Ṣé géèmù ló ń yí i ni?

Ooru ni. Fọkanáísà tó mọṣẹ́ á ní kí táyà tutù kí òun tó gbé géèjì sí i, torí ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré máa ń wú. 26.5 tí mo sọ, nọ́ńbà tí o gbọ́dọ̀ rí lórí títì ni, lẹ́yìn ìyípo mẹ́rin tàbí márùn-ún, kì í ṣe èyí tí o máa kọ ní géréèjì. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ohun tí à ń wá fún GT3 ni 26 sí 27 psi. (Ṣọ́ra fún fídíò àtijọ́: wọ́n yí táyà géèmù náà padà ní 2023, nọ́ńbà tó ga ju èyí lọ ni wọ́n ń lò ṣáájú ìgbà náà.) Tìrẹ dé 28, nítorí náà yọ 1.5 kúrò nínú èyí tí o kọ, kí o tún jáde lọ wò ó.

Ka táyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọ̀tún ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ́nà ńlá Monza ń lọ: Curva Grande, Lesmo méjèèjì, Parabolica. Ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ ló sì ń gbé ẹrù bí a bá ń yí sí ọ̀tún, nítorí náà táyà òsì ló máa ń gbóná jù. Bí o bá fi nọ́ńbà kan náà sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò lè bára mu níparí.

Ó dára gan-an lánàá, lónìí ọkọ̀ kan náà ń yọ̀ káàkiri. Mi ò yí nǹkan kan.

Ìwọ kò yí i, ojú ọjọ́ yí i. Wo ooru afẹ́fẹ́ àti ti títì tí géèmù kọ sójú kọ̀ǹpútà, fi wé ti àná. Bí ooru bá lé, dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Bó bá tutù, fi kún un.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, iwájú ọkọ̀ kọ̀ láti wọlé. Mo yí ọwọ́ títí, ó ń lọ tààrà. Kí ni kí n yí lára ọkọ̀?

Kí n tó dáhùn, ibo nínú kọ́nà ni? Ẹnu ọ̀nà, níbi tí o ṣì ń tẹ bíréèkì? Àárín, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ kò sí lórí ohunkóhun? Àbí ìgbà tí o ti ń tẹná jáde? Ẹni tó bá sọ fún dókítà pé "ara ń ro mí" kò tíì sọ nǹkan kan.

O ní ẹnu ọ̀nà ni. Ó dáa. Mo wo fídíò tí o fi ránṣẹ́, ìyẹn bí o ṣe ń wọ Variante del Rettifilo, kọ́nà àkọ́kọ́ náà. O sáré débẹ̀ ju 250 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, o tẹ bíréèkì dáadáa, lẹ́yìn náà o gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o wá yí ọwọ́. Ronú nípa ẹni tó ru ọpọ́n omi. Bó bá ń dẹsẹ̀ dúró, iwájú ni omi ń dà sí. Bó bá dúró tán, omi á padà sẹ́yìn. Ìwúwo ọkọ̀ náà nìyẹn. Nígbà tí bíréèkì wà lẹ́sẹ̀ rẹ, ìwúwo wà lórí táyà iwájú, wọ́n sì di ilẹ̀ mú. Nígbà tí o fò ẹsẹ̀ kúrò, omi ti padà sẹ́yìn kí o tó yí ọwọ́. Ti Porsche yìí sì burú jù, nítorí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Imú rẹ̀ fúyẹ́ láti ilé wá.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ rẹ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Tẹ bíréèkì tagbáratagbára níbẹ̀rẹ̀, kí o wá máa tú u díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ rẹ ṣe ń yí, kí ó fi tán nígbà tí o bá dé àárín kọ́nà. Bí o bá ti ń ṣe èyí dáadáa tí imú ṣì ń kọ̀, a lè wá fọwọ́ kan ọkọ̀: mú kí anti-roll bar iwájú, ìyẹn irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, rọ̀ ní ìpele kan. Bí ó bá jẹ́ bíréèkì gan-an ló ń jẹ́ kí táyà iwájú yọ̀, sún ìpín bíréèkì, ìyẹn bí agbára bíréèkì ṣe pín sí iwájú àti ẹ̀yìn, sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Má ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ó ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wá ń yọ̀ ní kọ́nà Ascari báyìí.

Ascari yára, Rettifilo kò yára, ibi tí ìyẹ́ ẹ̀yìn ti wúlò nìyí. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tó ń sá 80, ìyẹ́ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Nígbà tó ń sá 200, òun ló di ẹ̀yìn mú. Torí náà, bí ẹ̀yìn bá ń yọ̀ ní ibi tó yára nìkan, fi ìpele kan kún ìyẹ́, tàbí kí o rẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń yọ̀ ní ibi tí kò yára, má wo ìyẹ́ rárá. Mú kí anti-roll bar ẹ̀yìn rọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí o ń tẹná jáde nìkan, fi ìpele kan kún TC, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí táyà yí lásán bí o bá tẹná, kí o sì máa fara balẹ̀ tẹná.

Ohun kan ṣì kù tí mo fura sí. Ṣé o kì í bẹ̀rù láàárín Ascari, kí o wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì? Bí o bá ṣe é, ìwúwo á fò lọ síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn á sì fì bí òkúta tí wọ́n so mọ́ ìdí okùn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fi kún preload tó wà ní difẹrẹ́ńṣíà, ìyẹn agbára tó fi ń so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ẹ̀yìn á túbọ̀ fara balẹ̀ nígbà tí o bá kúrò lórí iná, ṣùgbọ́n imú á tún kọ̀ díẹ̀ sí i. Kò sí èyí tí o máa mú tí òmíràn kò ní yingin.

Ṣé mi ò kàn lè gba setup ẹni tó yára jù, ìyẹn bó ṣe to ọkọ̀ tirẹ̀?

O lè gbà á. Ẹni yẹn ń tú bíréèkì bí ẹni tú òwú, ọkọ̀ tó sì fẹ́ràn ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fara balẹ̀. Yóò gbé ọ sínú kòtò ní Lesmo kejì. Gbà á kí o fi wé tìrẹ, kí o wo ohun tó yàtọ̀, kí o béèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo wàhálà yìí wúlò fún nǹkan kan lóde géèmù?

James Baldwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìdíje World's Fastest Gamer ní 2019. Ní 2020 ó gun McLaren GT3 gidi nínú ìdíje British GT, ó sì borí nínú eré àkọ́kọ́ tó sá níbẹ̀, ní Oulton Park. Mi ò ní ìwọ náà á débẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ táyà, ìwúwo àti afẹ́fẹ́ tí a ń sọ yìí, bó ṣe rí lórí títì gidi náà nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa rántí gbogbo èyí?

Ra ìwé kékeré kan. Ohun kan ni kí o yí lẹ́ẹ̀kan, kí o sá ìyípo márùn-ún, kí o kọ ọ́: kọ́nà wo, iwájú tàbí ẹ̀yìn, ẹnu ọ̀nà, àárín tàbí àbájáde, kí lo yí, kí ló dé. Bí kò bá yá, dá a padà kí o tó yí òmíràn.

Òru àná ló ya àwòrán ojú ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti fi bírò pa ìlà méjì rẹ́. Ìlà kẹta kà báyìí: "Ascari, ẹ̀yìn, àárín. Ìyẹ́ +1. 1:49.6, 1:49.4, 1:49.7, 1:49.5, 1:49.5."

Mo fèsì pé kí ó lọ sùn.